Kálípà Bíréèkì Alùpùpù: Ká Tún Un Ṣe Ni, Àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Bí ẹ bá gbé táyà iwájú alùpùpù kúrò nílẹ̀, tí ẹ fi ọwọ́ yí i, tí ó yí díẹ̀ tí ó sì dúró gbagidi bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú, ó ṣeé ṣe kí kálípà bíréèkì, ìyẹn ohun onírin tó ń fi páàdì fún dísìkì táyà kí alùpùpù lè dúró, ti há. Àwọn àmì mìíràn wà pẹ̀lú: páàdì ọ̀tún lè ti jẹ tán nígbà tí ti òsì ṣì nípọn, dísìkì lè gbóná ju bó ti yẹ lọ lẹ́yìn ìrìn kúkúrú, tàbí kí òróró bíréèkì máa sun jáde lẹ́bàá písítìnì, irin roboto inú kálípà tó ń ti páàdì. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni bóyá kí a ra kálípà tuntun, kí a ra àlòkù tí wọ́n tú lára alùpùpù mìíràn, tàbí kí a tú èyí tó wà nílẹ̀, kí a pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, kí a sì dá a padà sí ipò rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dáhùn ìbéèrè yìí kó tó tú kálípà palẹ̀, nítorí pé ohun tó ń pinnu rẹ̀ kò hàn síta. Inú kòtò tóóró kan ló wà, níbi tí òrùka rọ́bà kékeré kan jókòó sí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kálípà gan-an ló jẹ̀bi. Nígbà tí táyà bá ti há, ẹ fi sípánà tú nípùlù tí a fi ń lé atẹ́gùn díẹ̀, kí òróró díẹ̀ lè jáde sínú ike. Bí táyà bá tú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a jẹ́ pé òróró ló há sínú kálípà tí kò rí ọ̀nà padà: ẹ yẹ inú họ́ọ̀sì wò bóyá ó ti wú, ẹ sì yẹ ihò kékeré inú másítà (ohun tó ń ti òróró nígbà tí a bá fún ọwọ́ bíréèkì) wò, ihò tí òróró ń gbà padà sínú àgé. Bí táyà bá ṣì há lẹ́yìn tí òróró ti jáde, ìṣòro wà nínú kálípà fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ kálípà tí kò ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìyà.

Iṣẹ́ tí rọ́bà ń ṣe

Písítìnì kọ̀ọ̀kan inú kálípà a máa la àárín òrùka rọ́bà méjì kọjá. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó sábà máa ń nípọn jù, ni síìlì tó ń dí òróró; èyí tó wà lẹ́bàá ẹnu, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ń dí eruku àti omi. Bí a bá gé síìlì òróró wò, igun mẹ́rin ló ní, kò rí roboto bí okùn. Nígbà tí a bá fún ọwọ́ bíréèkì, òróró yóò ti písítìnì síwájú, síìlì tó dì mọ́ ọn lára yóò sì tẹ̀ tẹ̀ lé e díẹ̀ láìkúrò ní ìjókòó rẹ̀, ìyẹn kòtò tóóró tí mo mẹ́nu bà lókè. Bí a bá ti tú ọwọ́ sílẹ̀, rọ́bà yóò na padà sí bó ṣe wà, yóò sì fa písítìnì sẹ́yìn. Ìfàsẹ́yìn náà kò tó mìlímítà kan, síbẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí páàdì yẹ̀ lára dísìkì. Nínú kálípà alùpùpù, kò sí sípíríǹgì tó ń fa písítìnì sẹ́yìn. Rọ́bà nìkan ló ń ṣe é. Bí rọ́bà bá ti le, tàbí tí ó wú, tàbí tí ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé e sókè, bíréèkì yóò máa di táyà mú.

Ohun kejì tó tẹ̀ lé èyí ni pé ara písítìnì ni síìlì kálípà ń fún, kì í ṣe ara ògiri ihò tí písítìnì wà nínú rẹ̀. Nínú másítà òkè, òdìkejì rẹ̀ ni: rọ́bà wà lára písítìnì, ó sì ń yọ́ lórí ògiri ihò, tó fi jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo lára ògiri náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlà díẹ̀ lára ògiri ihò kálípà, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ nù. Ohun méjì péré ni kí ẹ tẹjú mọ́: ìjókòó síìlì àti ara písítìnì.

Tuntun, àlòkù àti àtúnṣe

Kálípà tuntun ló ń gba àkókò kúkúrú jù, òun náà ló sì ń gba owó jù. Ó tọ́ láti yàn án nígbà tí ara kálípà bá ti sán, nígbà tí ìlà ojú ihò bóòtù bá ti jẹ tán débi pé bóòtù kò lè mú mọ́, tàbí nígbà tí ìpatà bá ti jẹ etí ìjókòó síìlì débi pé kòtò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tán. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi kò rí ìdí tí a ó fi rà á.

Àlòkù ni mo fẹ́ kí ẹ ronú lé lórí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó wà láàárín méjèèjì, ó sì rọrùn ju àtúnṣe lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kálípà àlòkù jẹ́ kálípà tó nílò àtúnṣe gẹ́gẹ́ bíi tiyín, àfi pé ẹ kò mọ bí ẹni tó ni ín ṣe lò ó, ẹ kò mọ iye ọdún tí òróró inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ẹ kò sì mọ iye oṣù tó fi wà nílẹ̀ gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n tú u. Bí ẹ bá rà á, ẹ ó ṣì tú u, ẹ ó sì ṣì ra síìlì sí i. Ibi tí ó ti wúlò ni ìgbà tí ara kálípà tiyín bá ti bàjẹ́ pátápátá tí ẹ sì ń wá ara mìíràn láti tún ṣe. Nígbà náà pẹ̀lú, ẹ rí i pé ara alùpùpù irú kan náà ló ti wá. Bí písítìnì rẹ̀ bá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọwọ́ bíréèkì yóò máa wọlé jìnnà kó tó mú, yóò sì rọ̀. Bí wọ́n bá kéré jù, ọwọ́ yóò le bí igi, agbára ìdádúró yóò sì dínkù, nítorí pé ìwọ̀n písítìnì másítà àti ti kálípà ni wọ́n fi ṣètò agbára bíréèkì láti ilé iṣẹ́.

Àtúnṣe ni mo sábà máa ń yàn. Ó ń gba sùúrù ju owó lọ, sùúrù náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tòótọ́. Mo rántí kálípà onípísítìnì méjì kan tí mo pààrọ̀ síìlì rẹ̀ láìfọ ìjókòó rẹ̀ bó ti yẹ. Mo fi aṣọ nù ún, ó dán lójú mi, mo sì gbà pé ó ti mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ dá písítìnì padà, ó kọ̀ fún àtàǹpàkò, mo sì fi kíláàǹpù fún un wọlé tipátipá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, táyà tún ti ń há. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì, mo ti igi ìtayín bọ igun ìsàlẹ̀ ìjókòó náà, mo sì rọra fà á yípo. Ìyẹ̀fun funfun ni ó ń bọ́ sílẹ̀ bí ẹfun tí a họ lára ògiri. Ìpatà alumíníọ̀mù ni, ó ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ kòtò náà, kò nípọn ju bébà kan lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé síìlì tuntun sókè kí ó sì máa fún písítìnì lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo òṣùwọ̀n kan: bí síìlì tuntun bá ti wà ní ìjókòó rẹ̀, tí a sì ti fi òróró bíréèkì tó mọ́ pa òun àti písítìnì lára, ó yẹ kí àtàǹpàkò méjì lè ti písítìnì wọlé dé ìdí. Bí ó bá ń béèrè kíláàǹpù, ìjókòó kò tíì mọ́.

Igi ìtayín, ike tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípírítì ni ohun èlò ìfọ̀ tó dára jù. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ṣóńṣó irin líle yóò ha etí ìjókòó, níbi tí rọ́bà ti ń tẹ̀, àpá náà kò sì ní àtúnṣe. Bí ó bá di dandan láti lo irin nítorí ìpatà tó le, kí ó jẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ kò mú, kí ẹ máa fà á ní ìlà kòtò, kí ẹ má ṣe fi gún ògiri rẹ̀.

Yíyọ písítìnì: ọ̀nà mẹ́ta

Ó yẹ kí a ti pinnu èyí kí a tó tú họ́ọ̀sì, nítorí pé ọ̀nà tó dára jù nínú wọn ń lo másítà alùpùpù náà fúnra rẹ̀. A ó tú kálípà kúrò lára fọ́ọ̀kì pẹ̀lú họ́ọ̀sì lára rẹ̀, a ó yọ páàdì, a ó sì máa fún ọwọ́ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí òróró lè ti písítìnì jáde, a ó sì máa fi òróró kún àgé òkè kó má bàa gbẹ. Kálípà tó ní písítìnì púpọ̀ nílò ọgbọ́n kan: èyí tó bá rọrùn yóò fẹ́ jáde ṣáájú àwọn tó há, bí ọ̀kan bá sì jáde pátápátá, agbára òróró ti tán fún ìyókù. Ẹ fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá àwọn tó yá dúró títí àwọn tó lọ́ra yóò fi bá wọn dọ́gba, kí gbogbo wọn wà ní etí kí a tó fi ọwọ́ fà wọ́n jáde. Agbára òróró pọ̀, kò sì ń fò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yára, ó sì wúlò fún kálípà tí a ti tú kúrò lára họ́ọ̀sì. Ewu rẹ̀ ni pé atẹ́gùn máa ń fún pọ̀ sínú títí yóò fi já, písítìnì a sì fò jáde bí ọta. Kí ìka ọwọ́ má ṣe sí níwájú rẹ̀ láéláé. Ẹ fi pátákó àti aṣọ tó nípọn dí iwájú písítìnì, ẹ wọ awò ìdáàbòbò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn tó kéré jù.

Páláyà tí ń fún ara písítìnì láti ìta kò tọ́ rárá, àyàfi bí ẹ bá ti pinnu láti sọ písítìnì náà nù. Eyín rẹ̀ yóò fi àpá sílẹ̀ gan-an níbi tí síìlì yóò máa yọ́ lé. Irinṣẹ́ kan wà tó ń fẹ̀ láti inú ihò písítìnì, ìyẹn kò fọwọ́ kan ìta, ó sì dára fún èyí tó há díẹ̀.

Písítìnì: ẹ dá a padà tàbí ẹ pààrọ̀ rẹ̀

Písítìnì onírin tí wọ́n fi kúróòmù bò máa ń lálòpẹ́ níwọ̀n ìgbà tí kúróòmù náà kò bá tíì bó. Bí ó bá ti bó níbì kan, ìpatà yóò máa jẹ irin lábẹ́ rẹ̀, etí ibi tó bó náà yóò sì máa ge síìlì tuntun bí ayùn. Ẹ fi èékánná yípo ara písítìnì: bí ìdọ̀tí bá ti kúrò tí èékánná kò kọsẹ̀ níbikíbi, ẹ lè dá a padà, bí ó bá kọsẹ̀, ẹ ra òmíràn. Ẹ má ṣe fi sáńpépà dán ibi tó ti jẹ, nítorí pé kúróòmù tó kù ni ẹ ó họ dànù. Písítìnì tí wọ́n fi irin tí kì í dípatà ṣe ni mo máa ń yàn nígbà tí mo bá ń ra tuntun fún alùpùpù tó ń rìn nínú omi àti ẹrẹ̀. Ti alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó sì dára níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ líle tí wọ́n fi bò ó kò bá tíì pa rẹ́.

Síìlì àti òróró

Síìlì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù àti síìlì ilé iṣẹ́ mìíràn lè dára bákan náà bí ìwọ̀n wọn bá bára mu. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹra fún ni àpò síìlì tí kò sọ irú alùpùpù tí ó wà fún, nítorí pé síìlì tó fi díẹ̀ nípọn jù yóò fún písítìnì pa, èyí tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù yóò jò. Àwọn síìlì tó dí òróró àti àwọn tó dí eruku lè jọra lójú. Ẹ tò wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí aṣọ funfun kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ẹ má ṣe tún lo síìlì àtijọ́ kan náà, bó ti wù kó rí.

Orúkọ tí a ń pe òróró bíréèkì máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bíréèkì ọ́ílì ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kì í ṣe epo rárá. Kẹ́míkà tó ń pò mọ́ omi ni, rọ́bà tó sì bá a mu máa ń wú bí epo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ọ́ílì tàbí gíríìsì lásán bá kàn án. Ẹni tó fi bẹntiróòlù fọ kálípà tí kò sì fi sípírítì ṣan án lẹ́yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba síìlì tuntun jẹ́ kí ó tó fi sí i. Fún fífi síìlì wọlé, òróró bíréèkì tó mọ́ tó. Gíríìsì pupa tí wọ́n ṣe fún rọ́bà bíréèkì tún dára jù lára síìlì eruku, torí pé òróró yóò gbẹ níbẹ̀ ṣùgbọ́n gíríìsì náà yóò pẹ́.

Nínú irú òróró, èyí tí àmì DOT ara ike rẹ̀ ń fi hàn, ìyàtọ̀ wà nínú ìwọ̀n ooru tí ó fi ń hó. Òfin ìwọ̀n Amẹ́ríkà sọ pé DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, DOT 4 kò gbọ́dọ̀ hó kí ó tó dé 230°C, DOT 5.1 sì gbọ́dọ̀ dé 260°C. Nígbà tí omi bá ti wọ inú wọn dé nǹkan bíi 3.7%, ìwọ̀n náà yóò sọ̀kalẹ̀ sí 140°C, 155°C àti 180°C. Èyí ni ìdí tí a fi ń pààrọ̀ òróró ní ọdún méjì-méjì lára ọ̀pọ̀ alùpùpù bí ó tilẹ̀ jọ pé kò dínkù. DOT 4 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń béèrè, òun ni kí ẹ lò bí ìwé alùpùpù yín bá sọ bẹ́ẹ̀. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá sí DOT 5.1, bí orúkọ wọn tilẹ̀ fara jọra: sílíkónì ni, kì í pò mọ́ àwọn yòókù, kò sì yẹ kí a dà á sínú ohun tí a kò ṣe fún un. Òróró tó pò mọ́ omi máa ń bó ọ̀dà ara alùpùpù. Ẹ fi omi ṣan èyí tó bá kán sílẹ̀ kíákíá.

Kálípà alápá méjì: ká là á tàbí ká má là á

Kálípà tí kò sún, tó ní písítìnì ní ojú méjèèjì, sábà máa ń jẹ́ apá méjì tí bóòtù dè pọ̀, pẹ̀lú rọ́bà kékeré ní ojú ọ̀nà òróró tó so wọ́n. Lílà á ń jẹ́ kí ọwọ́ dé ìjókòó síìlì dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń béèrè rọ́bà àárín tuntun àti ìwọ̀n ìfún bóòtù tó dájú, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì kọ̀ ọ́ pátápátá nínú ìwé wọn. Bí ìwé alùpùpù bá fún yín ní ìwọ̀n ìfún, ẹ là á. Bí kò bá sí, ẹ fi sùúrù ṣe é láìlà á. Kálípà tó ń sún, tó ní písítìnì ní ojú kan ṣoṣo, rọrùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn tirẹ̀: àwọn ọ̀pá tó ń yọ́ lé lórí lè gbẹ kí wọ́n sì há, páàdì ojú kan ni yóò sì máa jẹ nígbà tí písítìnì kò ní àléébù kankan. Ẹ nù wọ́n, ẹ fi gíríìsì sílíkónì sí wọn, kí ẹ sì wo rọ́bà tó bò wọ́n bóyá ó ti ya.

Dídá a padà àti lílé atẹ́gùn

Wáṣà ojú họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ọ̀kan ní ojú kọ̀ọ̀kan, nítorí pé fífún tí a bá ti fún wáṣà bàbà tàbí ti alumíníọ̀mù lẹ́ẹ̀kan ló ń dí òróró. Sípánà oníwọ̀n ni kí ẹ fi fún gbogbo bóòtù ní ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù kọ sílẹ̀. Kí gíríìsì má ṣe kan ojú páàdì tàbí dísìkì. Páàdì tí òróró bíréèkì bá ti rin wọ inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé fífọ̀ kì í yọ ọ́ kúrò.

Fún lílé atẹ́gùn, fífún ọwọ́ bíréèkì kí a sì tú nípùlù díẹ̀ kí a tún dì í ni ọ̀nà àtijọ́, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lára kálípà tó gbẹ pátápátá. Fífi ẹ̀rọ fa òróró láti ìsàlẹ̀ yára, àfi pé atẹ́gùn ń wọlé lára ìlà nípùlù, tí ènìyàn fi lè máa rí ìfófò inú ọ̀pá ike títí láìmọ̀ bóyá ti inú ni tàbí ti ìta. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún kálípà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni títi òróró láti ìsàlẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá tí kò ní ṣóńṣó, nítorí pé òkè ni atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ń wá lọ. Kí ẹ kàn máa ṣọ́ àgé òkè kó má bàa kún àkúnwọ́sílẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ yàn, nípùlù gbọ́dọ̀ wà ní apá òkè kálípà. Bí ọwọ́ bá ṣì rọ̀ díẹ̀, ẹ dè é mọ́ ọwọ́ alùpùpù ní fífún di òwúrọ̀, atẹ́gùn kéékèèké tó kù yóò sábà wá sókè.

Kí alùpùpù tó kúrò lójú kan, ẹ fún ọwọ́ bíréèkì léraléra títí páàdì yóò fi dé ara dísìkì, nítorí pé fífún àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe yóò wọlé gbọọrọ láìmú nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táyà sókè, ẹ fún bíréèkì, ẹ tú u, ẹ sì fi ìka kan yí táyà. Ó lè máa ha dísìkì fẹ́ẹ́rẹ́ bí bébà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yí. Ẹ fi aṣọ funfun tó gbẹ nu ìdí písítìnì, ojú họ́ọ̀sì àti nípùlù, ẹ di ọwọ́ bíréèkì mú ṣinṣin fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì nù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì: bí aṣọ náà bá ṣì gbẹ, ẹ lè gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí kò sí ọkọ̀, kí ẹ sì tún fi ọwọ́ yí táyà nígbà tí ẹ bá dé.